Blues bebop lórí gìtá: níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

OkùnMẹ́fà:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọ̀gá onígìtá. Háíláìfù àti orin ìyìn ni mo máa ń ta. Kọ́ọ̀dù kì í ṣe ìṣòro mi, mo sì mọ pentatonic, síkéèlì ohùn márùn-ún yẹn, dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ìdí blues bebop, jáàsì eré kíákíá ti àwọn Charlie Parker afunsasofóònù, ẹnu mi á wọhò. Ṣé síkéèlì ni kí n kọ́kọ́ kọ́ ni, àbí orin gan-an? Ìwé orin "Billie's Bounce" tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò tún bá ohun tí mò ń gbọ́ mu rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye, ẹ má fi gírámà pa mí.

BáàKejìlá:

Ẹ kú ìbéèrè. Orin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ́. Orí orin, ìyẹn báà méjìlá (bíìtì mẹ́rin ni báà kan) tí àwọn afunfèrè máa ń ta pọ̀ kí sólò tó bẹ̀rẹ̀, ni ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀. Ibi tí ohùn ti ń yà bí kọ́ọ̀dù bá yí, ibi tí èémí ti ń wọlé, ibi tí wọ́n ti ń tan ìlù jẹ, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fi síkéèlì bẹ̀rẹ̀ á ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ẹ má ṣe bọ́ sórí èyí tó le lẹ́sẹ̀ kan náà. "C Jam Blues" ti Duke Ellington ni kẹ́ ẹ fi ṣí ọwọ́, kíì C (C ni do rẹ̀). Kì í ṣe bebop, ohùn méjì péré ló sì ní, so àti do. Ohùn ò le níbẹ̀, ìlù ló le: bí ẹ bá lè ta ohùn méjì kó mú èèyàn mi orí, ẹ ti ṣe nǹkan. Lẹ́yìn náà, "Bags' Groove" ti Milt Jackson ní F, àti "Sonnymoon for Two" ti Sonny Rollins ní B♭. Gbólóhùn báà mẹ́rin ni wọ́n ń ta lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, pentatonic tẹ́ ẹ sì mọ̀ yẹn ni ti Rollins fi ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wá bọ́ sórí "Now's the Time" ti Parker, kẹ́ ẹ tó kan "Straight, No Chaser" ti Thelonious Monk. "Tenor Madness" tẹ̀lé e, ní B♭. "Billie's Bounce" àti "Au Privave" lẹ́yìn ìyẹn, méjèèjì ní F. "Blues for Alice" ni kẹ́ ẹ fi sí ìkẹyìn pátápátá, mo máa padà wá sórí ìyẹn.

"Now's the Time" àti "Billie's Bounce", ọjọ́ kan náà ni Parker gbà wọ́n sílẹ̀ fún Savoy, ilé iṣẹ́ àwo, 26 November 1945. Miles Davis, ọmọ ọdún 19, ló ń fọn tíróńpẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbọ́ wọn tẹ̀lé ara wọn. Kíì kan náà, báà méjìlá kan náà. Ọ̀kan ń tún gbólóhùn kúkúrú kan pè ṣáá, èkejì ń tú jáde bí ẹni tí wọ́n ní kó má sọ̀rọ̀ láti àná.

Gbóhùngbóhùn:

Ìwé tí kò bá etí mu yẹn, ó jọ pé ti sasofóònù alto lẹ wà jáde. Ohun èlò E♭ ni alto: bí wọ́n bá kọ C sínú ìwé rẹ̀, E♭ ló máa dún. Orin tó dún ní F, kíì D ló máa wà nínú ìwé wọn. Bí onígìtá bá ta á bó ṣe rí i, kíì D náà ni yóò bọ́ sí, òun àti àwo á sì máa jà. Ti tenor àti tíróńpẹ́ẹ̀tì jẹ́ B♭, nítorí náà G ni wọ́n ń kọ F sí. Ẹ wo òkè ìwé lápá òsì kẹ́ ẹ tó wà á: "C" tàbí "concert" ni tiwa. Ẹ sì rántí pé gìtá máa ń dún ní octave kan (láti do dé do) sísàlẹ̀ ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín.

Tab (àkọsílẹ̀ okùn àti fúrẹ́tì) orí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Àṣìṣe pọ̀ nínú wọn, pàápàá níbi tí ohùn ti yára. Ẹ fi etí yẹ̀ ẹ́ wò. Lórí YouTube, eré 0.75 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò; 0.5 máa ń sọ ohùn sasofóònù di ìdàrúdàpọ̀. Bí ẹ bá ń lo Audacity, ètò ìṣàtúnṣe ohùn lórí kọ̀ǹpútà, "Change Tempo" ni kẹ́ ẹ tẹ̀, kì í ṣe "Change Speed", torí èyí ń fa ohùn wálẹ̀ pẹ̀lú eré. Àwo àtijọ́ mìíràn kò sì dúró sórí A 440, ìwọ̀n tá a fi ń yí okùn, géérégé. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń yẹ̀ díẹ̀, gìtá ni kẹ́ ẹ yí bá àwo mu, ẹ má bá àwo jà.

ÌkaÒsì:

Mo fara mọ́ BáàKejìlá, àfi ohun kan: kẹ́ ẹ tó kan orí orin, ẹ mọ ọ̀nà tí kọ́ọ̀dù ń gbà. Blues jáàsì ju kọ́ọ̀dù mẹ́ta tá a mọ̀ lọ. Bó ṣe máa ń rí ní F nìyí:

| F7 | B♭7 | F7 | Cm7 F7 |
| B♭7 | Bdim7 | F7 | Am7♭5 D7 |
| Gm7 | C7 | F7 D7 | Gm7 C7 |

Ẹ má di okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mú bí ẹni tó ń ta orin ìyìn. Ohùn mẹ́ta ti tó: ìpìlẹ̀, ohùn kẹta, ohùn keje. Okùn 1 ni tínńrín, okùn 6 ni èyí tó nípọn jù.

F7: okùn 5 fúrẹ́tì 8, okùn 4 fúrẹ́tì 7, okùn 3 fúrẹ́tì 8
B♭7: okùn 6 fúrẹ́tì 6, okùn 4 fúrẹ́tì 6, okùn 3 fúrẹ́tì 7
Cm7: fúrẹ́tì 8 lórí okùn 6, 4 àti 3
Bdim7: bíi B♭7 gẹ́lẹ́, àfi kẹ́ ẹ gbé okùn 6 lọ sí fúrẹ́tì 7
Am7♭5: fúrẹ́tì 5 lórí okùn 6, 4 àti 3, okùn 2 fúrẹ́tì 4
D7: okùn 5 fúrẹ́tì 5, okùn 4 fúrẹ́tì 4, okùn 3 fúrẹ́tì 5
Gm7: fúrẹ́tì 3 lórí okùn 6, 4 àti 3
C7: okùn 5 fúrẹ́tì 3, okùn 4 fúrẹ́tì 2, okùn 3 fúrẹ́tì 3
F7 ti báà 11: okùn 6 fúrẹ́tì 1, okùn 4 fúrẹ́tì 1, okùn 3 fúrẹ́tì 2

Okùn tí kò sí nínú àkọsílẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ìka pa á lẹ́nu mọ́. Okùn 5 ló máa ń yọ ẹnu jù nígbà tí ìpìlẹ̀ bá wà lórí okùn 6. Orí ìka tó tẹ okùn 6 ni kó fara kan án.

Ẹ wá ṣe èyí: ẹ fi gbogbo okùn yòókù sílẹ̀, ẹ ta okùn 4 nìkan láti báà kìíní dé ìkejìlá. Fúrẹ́tì 7, 6, 7, 8 sí 7, 6, 6, 7, 5 sí 4, 3, 2, 1 sí 4, 3 sí 2. Ẹ gbọ́ ọ? Ẹ̀ ń gbọ́ blues náà pátá lórí okùn kan ṣoṣo. Láti báà 8, ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní fúrẹ́tì kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀: 5, 4, 3, 2, 1. Ohùn wọ̀nyẹn ló ń sọ fún etí pé kọ́ọ̀dù ti yí. Bí ẹ bá kọ́ orí orin Parker kan, ẹ máa bá wọn níbẹ̀, ó kàn wé aṣọ mọ́ wọn lára ni. Ẹ ta ìlà okùn 4 yìí títí ẹ ó fi lè fi ẹnu kọ ọ́ láìgbé gìtá. Ọ̀sẹ̀ kan kò pọ̀ jù fún un.

ẸniTuntun:

Ẹ̀gbọ́n ÌkaÒsì, ẹ ṣeun gan-an. Ṣé dandan ni Bdim7 ní báà 6? Àwọn kan ń ta B♭7 fún báà méjèèjì.

ÌkaÒsì:

Kì í ṣe dandan rárá. Wàhálà ibẹ̀ ni kí onígìtá bass lọ sí B kí ẹ̀yin ṣì di B♭ mú nísàlẹ̀, ìjà nìyẹn. Nítorí náà, bí bass bá wà, ẹ yọ okùn 6 kúrò. Okùn 4 fúrẹ́tì 6 àti okùn 3 fúrẹ́tì 7, A♭ àti D, wọ́n wà nínú B♭7, wọ́n sì wà nínú Bdim7. Ohunkóhun tí bass bá yàn, ẹ̀yin kò ní ṣìnà. Ohùn méjì péré láti báà kìíní dé ìkejìlá ló máa ń dún dáa jù pẹ̀lú bass. Bí ó ṣe yẹ kí ọwọ́ lù ú: ẹ kan bíìtì 1, ẹ tún kan àárín bíìtì 2 sí 3, kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni oníṣẹ́ dùùrù máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín sí.

Ọwọ́Ọ̀tún:

Ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń kọ́ orí orin gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má fọwọ́ kan gìtá títí ẹ ó fi lè kọ báà méjì àkọ́kọ́ pẹ̀lú àwo láìsí ìkùnà. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ọwọ́ bá ṣáájú etí, ọwọ́ á kọ́ ìrísí, ìrísí ò sì lè swing (ìlù jáàsì tó ń fì). Lẹ́yìn náà, ẹ wádìí ibi tí gbólóhùn ti bẹ̀rẹ̀: ṣé orí bíìtì ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀, àbí ní òpin báà tó ṣáájú? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Wọ́n mọ ohùn, wọn ò mọ ilẹ̀kùn tó gbà wọlé.

"Straight, No Chaser" ni ìdánwò rẹ̀. Ohùn ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní F kò ju C, F, G, A♭, A lọ: okùn 5 fúrẹ́tì 3, lẹ́yìn náà okùn 4 fúrẹ́tì 3, 5, 6, 7. Ọmọdé lè ta á. Ṣùgbọ́n Monk ń gbé gbólóhùn yẹn kiri, ó ń fà á gùn, ó ń gé e kúrú, ó ń jẹ́ kó bọ́ síbi tí ẹ ò retí. Ẹ fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, ẹ ka "1 2 3 4" sókè nígbà tẹ́ ẹ bá ń ta á. Bí ẹ bá ń fi ojú inú wò ó dípò kíkà, báà 7 ni ẹ ó ti sọnù. (B♭ ni Monk fúnra rẹ̀ gbà á sílẹ̀ sí ní 1951. Ẹ máa gbọ́ ọ ní F náà, àwọn Miles Davis ta á ní F. Kẹ́ ẹ tó gun orí ìtàgé, ẹ bèèrè.)

Ọ̀rọ̀ ìka: fún àwọn orin F, ẹ gbé ọwọ́ sí fúrẹ́tì 5 sí 8, ìka kan fún fúrẹ́tì kan. Ẹ má jẹ́ kí okùn tí ẹ kò dì mú kankan wọ inú rẹ̀. Ó ń dún bí ẹni tí kò bá wọn wá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìtò ìka tó rọrùn ní eré 60 (bíìtì 60 níṣẹ́jú kan) lè máa dí yín lọ́wọ́ ní 160. Nítorí náà, kí ẹ tó há a sórí, ẹ gbé báà méjì kan dé eré àwo fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó tiẹ̀ dàrú. Ibi tí ọwọ́ bá ti kọsẹ̀, ìtò ìka ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ yí padà kí ó tó mọ́ra.

Mẹ́tírónóòmù: ẹ gbé e sí 40, kẹ́ ẹ gbà pé bíìtì 2 àti 4 ló ń lù. Eré 80 nìyẹn. Bí báà méjì bá mọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún tẹ̀lé ara wọn láìsí àṣìṣe, ẹ fi 2 kún un. Bí ó bá bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ yọ 4.

Kónkóló:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti swing, torí òun ló ń tú àṣírí àwa onígìtá háíláìfù. Ọwọ́ wa ti mọ pípín bíìtì sí méjì dọ́gba, tàbí sí mẹ́rin. Swing ń pín in sí mẹ́ta: ohùn àkọ́kọ́ gba ìdá méjì, ohùn kejì gba ìdá kan. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Agogo konkolo tí ẹ ti ń gbọ́ láti kékeré, ìṣísẹ̀ méjìlá ló ní, mẹ́ta-mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin. Ẹ pàtẹ́wọ́ konkolo, kẹ́ ẹ máa fẹsẹ̀ lu bíìtì mẹ́rin, kẹ́ ẹ wá kọ orí "Now's the Time" lé e lórí. Ẹ máa rí i pé ó ń wọ àyè.

Ohun tí ń bà á jẹ́ ni àṣejù. Ìdá méjì sí ìdá kan yẹn, eré jẹ́jẹ́ ló bá mu. Bí eré bá ṣe ń ga, ìyàtọ̀ ń dínkù. Tó bá fi máa di 200, ohùn méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹni tó bá ṣì di mẹ́ta-mẹ́ta mú nígbà náà á dún bí ẹṣin tó ń tiro. Kí ló wá kù tó ń jẹ́ swing? Agbára ọwọ́. Ohùn àárín bíìtì ló ń le ju ti orí bíìtì lọ. Ẹ máa pe "bàbá-bàbá-bàbá-bàbá" tẹ̀lé ẹsẹ̀ yín: "bà" sórí bíìtì, "bá" sáàárín. Ìyẹn ni.

Gbóhùngbóhùn:

Bàbá yẹn dùn mọ́ mi o, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Kì í ṣe ohùn òkè ló ń sọ ọ́ di àmì, líle ni. Àwọn kan á ka èyí tán, wọ́n á máa fa okùn sókè láàárín bíìtì.

Kónkóló:

Òótọ́ ni. Líle díẹ̀ ni, kì í ṣe ìkígbe.

AlápíìkìKan:

Mo rí i pé kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba píìkì. Sókè-sódò déédéé ni kẹ́ ẹ fi ta gbogbo ohùn. Ó mọ́, ó yára, kò sí àríyànjiyàn.

Ọwọ́Ọ̀tún:

Àríyànjiyàn wà o, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá fi píìkì kan gbogbo ohùn orí orin Parker, ó máa dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ahọ́n ni afunsasofóònù fi ń pín ohùn, kì í sì í fi ahọ́n kan gbogbo wọn. Ọ̀nà tó sún mọ́ tirẹ̀ jù: ẹ fi píìkì kan ohùn àárín bíìtì, kẹ́ ẹ wá fi ìka òsì nìkan mú ohùn orí bíìtì tó tẹ̀lé e jáde, yálà kẹ́ ẹ lu okùn tàbí kẹ́ ẹ fà á yọ. Líle tí Kónkóló ń sọ á wá fúnra rẹ̀, torí ohùn tí píìkì kàn ló máa le. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lórí okùn 3: fúrẹ́tì 8 láàárín bíìtì pẹ̀lú píìkì, fúrẹ́tì 7 lórí bíìtì láìsí píìkì.

Ibi tí wọ́n ti ń há ohùn mẹ́ta sínú àyè méjì, irú èyí tó pọ̀ nínú orin Parker, píìkì kan ṣoṣo fún ohùn mẹ́ta náà: ẹ kàn án, ẹ lu, ẹ fà á yọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi píìkì kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọwọ́ ọ̀tún á le, eré á já.

AlápíìkìKan:

Wes Montgomery onígìtá ò lo píìkì rárá, àtàǹpàkò ni, ó sì ta á mọ́. Torí náà ẹ jẹ́ ká gbà pé ọ̀nà pọ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣì gbà pé kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ mọ sókè-sódò ná, kó tó máa yọ píìkì kúrò. Ẹni tí kò lè kàn án kò lè yàn láti má kàn án.

Ọwọ́Ọ̀tún:

Ìyẹn dọ́gba. Mo gbà.

BáàKejìlá:

Mo fẹ́ fi èyí kún un nítorí àwọn tó rò pé àjèjì ni gìtá nínú bebop. Charlie Christian onígìtá wà ní Minton's Playhouse, ilé orin kan ní Harlem ní New York, nígbà tí orin yìí ń sọ jáde níbẹ̀, níbi tí Monk ti ń tẹ dùùrù tí Kenny Clarke sì ń lu ìlù. Ó kú ní 1942, kò rí bí ó ṣe gbòde. Bí ẹ bá rí àwo rẹ̀, ẹ gbọ́ bó ṣe ń ta ohùn kan-kan bí afunfèrè, gbólóhùn gígùn tó ń kọjá lórí ààlà báà láìdúró. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbọ́ Jimmy Raney, Grant Green àti Kenny Burrell. Grant Green ló rọrùn jù láti fi etí kó, torí kì í sáré, kọ́ọ̀dù kì í sì í pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

ÌkaÒsì:

Ó kan sólò wàyí. Orí orin mẹ́ta ní F lẹ kọ́kọ́ nílò kẹ́ ẹ tó dá tiyín sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi nǹkan mẹ́ta yìí gbọ́ bùkátà.

Èkíní, ìsọ̀kalẹ̀ ohùn mẹ́jọ. F7 ní ohùn méje nínú síkéèlì rẹ̀, báà kan sì ní àyè mẹ́jọ. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú méje, ohùn kọ́ọ̀dù á máa yẹ̀ kúrò lórí bíìtì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi E kan há àárín F àti E♭. Okùn 2 fúrẹ́tì 6, 5. Okùn 3 fúrẹ́tì 8, 7, 5. Okùn 4 fúrẹ́tì 8, 7, 5. Kẹ́ ẹ balẹ̀ sórí okùn 5 fúrẹ́tì 8. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lórí bíìtì 1, F, E♭, C àti A ló máa bọ́ sórí bíìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: kọ́ọ̀dù F7 gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láàárín bíìtì, gbogbo rẹ̀ yí padà, E náà á bọ́ sórí bíìtì, á sì dún bí àṣìṣe. Èyí ló fà á tí àwọn kan fi ń sọ pé síkéèlì yìí kò ṣiṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti wọlé ni kò dáa.

Èkejì, ìgòkè: okùn 4 fúrẹ́tì 7, okùn 3 fúrẹ́tì 5 àti 8, okùn 2 fúrẹ́tì 8. A, C, E♭, G. Kò sí F nínú rẹ̀, bass ló ni ìyẹn. Ẹ gun àkàsọ̀ yìí, kẹ́ ẹ wá fi ìsọ̀kalẹ̀ àkọ́kọ́ bọ̀ wálẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ká yí ohùn ká kí á tó mú un. Ẹ fẹ́ balẹ̀ sórí A ní bíìtì 1. Ní bíìtì 4 tó ṣáájú, ẹ ta B♭, okùn 4 fúrẹ́tì 8. Láàárín bíìtì yẹn, fúrẹ́tì 6. Lẹ́yìn náà fúrẹ́tì 7. Òkè, ìsàlẹ̀, ilé. Ẹ mú ìlà okùn 4 tí mo kọ lókè, kẹ́ ẹ yí gbogbo ohùn inú rẹ̀ ká báyìí, báà kan lẹ́yìn òmíràn. Sólò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o.

Pentatonic yín ṣì wúlò. Ẹ má sọ ọ́ nù. Báà 1 sí 3 fàyè gbà á dáadáa. Báà 8 sí 10 ni kò fàyè gbà á, torí ibẹ̀ ni kọ́ọ̀dù ti ń rìn jù.

OnílùInáKúrò:

Ti ohùn gìtá fúnra rẹ̀: pickup (ẹ̀rọ tó ń gba ohùn okùn) tó sún mọ́ ọrùn ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ yí tone sí 4 tàbí 5, kẹ́ ẹ dín treble áńpù kù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan bass rẹ̀. Kò sí reverb púpọ̀, kò sí chorus. Okùn flatwound (èyí tí ara rẹ̀ ń dán) ìnípọn 11 tàbí 12 ló bá a mu, kì í hó bí ìka bá ń rìn lórí rẹ̀. Ẹni tó bá bọ́ láti 9 sí 12 gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọrùn gìtá á tẹ̀ síwájú nítorí ìfà tó pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣàtúnṣe truss rod, irin inú ọrùn gìtá, ẹ má fipá yí i.

Lórí jẹnẹrétọ̀ tàbí ìnfátà olówó pọ́ọ́kú, pickup single-coil á máa kùn bí oyin. Humbucker, pickup oníkọ́ìlì méjì, ló ń gbà yín níbẹ̀. Bí iná bá lọ, ẹ ta á láìsí áńpù, ó kàn jẹ́ pé ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ le nítorí kẹ́ ẹ lè gbọ́ ara yín. Líle ọwọ́ yẹn kì í kúrò bọ̀rọ̀.

BáàKejìlá:

"Blues for Alice" tí mo ní mo máa padà sí. Parker gbà á sílẹ̀ ní 1951. Báà méjìlá ni, F ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà dé B♭7 ti báà 5 kò jọ ti tẹ́lẹ̀:

| Fmaj7 | Em7♭5 A7 | Dm7 G7 | Cm7 F7 |
| B♭7 | B♭m7 E♭7 | Am7 D7 | A♭m7 D♭7 |
| Gm7 | C7 | F D7 | Gm7 C7 |

Kọ́ọ̀dù méjì nínú báà kan, ọ̀pọ̀ báà tẹ̀lé ara wọn. Ẹni tó bá gbé pentatonic F wọ ibẹ̀, àfi kó máa wo kọ́ọ̀dù bó ṣe ń kọjá lọ. Kí ẹ tó ta sólò lórí rẹ̀, ẹ ta ohùn kẹta kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan nìkan, ìdajì báà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní eré 80. Báà 6 sí 9 ni kẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀: B♭m7, Am7, A♭m7, Gm7, fúrẹ́tì kan sísàlẹ̀ nígbà gbogbo. Gbólóhùn kan tẹ́ ẹ bá rí tó bá B♭m7 E♭7 mu, ẹ fà á wálẹ̀ ní fúrẹ́tì kan fún báà tó kàn, ó máa bá a mu. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin láìyí ìlù padà, gbogbo èèyàn á mọ̀ pé ọwọ́ lẹ̀ ń sún.

OkùnMẹ́fà:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ó dájú pé ìwé alto ni mo wà jáde, "E♭" wà lókè rẹ̀ lóòótọ́. Ìbéèrè méjì ló kù. Wákàtí kan lójúmọ́ ni mo ní, báwo ni kí n pín in? Àti pé bí orin bá fẹ́ parí, F7 tó kẹ́yìn máa ń dún bí ẹni pé a ò tíì parí. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?

Ọwọ́Ọ̀tún:

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ìlà okùn 4 àti kọ́ọ̀dù. Ogún fún báà méjì tuntun nínú orí orin, pẹ̀lú ẹnu kíkọ. Mẹ́wàá fún orí orin tẹ́ ẹ ti mọ̀, kí ó má bàa sá lọ. Ogún tó kù, ẹ fi fóònù gba kọ́ọ̀dù tiyín sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kẹ́ ẹ wá ta lé e lórí. Ó dáa ju backing track lọ, torí bí ìlù kọ́ọ̀dù yín bá ń mì, kíá lẹ máa gbọ́ ọ. iReal Pro, áàpù tó ń ta kọ́ọ̀dù fúnni, wà fún ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ta á ní kíì mìíràn.

ÌkaÒsì:

Ẹ ò ṣe ohun tí kò dáa. E♭ inú F7 ló ń pè yín lọ sí B♭. Okùn 3 fúrẹ́tì 8 yẹn ni. Ẹ gbé e wálẹ̀ sí fúrẹ́tì 7, ó di F6, orin parí. Bí ẹ bá gbé e sókè sí 9, Fmaj7 ni, ìyẹn sì ni kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ "Blues for Alice". Okùn 5 àti okùn 4 ò kúrò níbi tí wọ́n wà.